Àpótí Iná Oníhò Mẹ́jọ

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni nígbà tí ohùn náà kọ́kọ́ pè é. Kì í ṣe òru, kì í ṣe inú igbó. Oòrùn ń ta wọlé lójú fèrèsé, tíì rẹ̀ ń rú èéfín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tó fi ń ṣe àkọsílẹ̀, àwọn tó ń jó wáyà mọ́ra ní yàrá kejì sì ń jiyàn lórí bọ́ọ̀lù. Bí ẹ̀rù bá tiẹ̀ fẹ́ ba èèyàn, irú àkókò bẹ́ẹ̀ kọ́ ló yẹ kó yàn.

Elétí ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é, nítorí irú etí tó ní. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa dán pẹ́dà gìtá wò kí wọ́n tó kó wọn lọ fún àwọn tó ń rà á. Èyí tí wọ́n ń pè ní fọ́ọ̀sì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀: àpótí irin kékeré kan tí onígìtá máa ń fẹsẹ̀ tẹ̀, tí ohùn gìtá tó mọ́ lóló á sì yí padà, á kẹ̀, á nípọn, bí ohùn ẹni tó ti fi ọjọ́ mẹ́ta sunkún. Ogún pẹ́dà lè jọra létí tèmi tìrẹ. Elétí á pa ojú dé, á ní, "Ìkẹrin yẹn, wáyà kan ò mú dáadáa nínú ẹ̀." Wọ́n á tú u, wọ́n á sì bá wáyà náà bó ṣe sọ. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ti ń jẹun lára etí yìí. Kò kọ́ iṣẹ́ mìíràn, kò sì wù ú láti kọ́ òmíràn.

Lọ́jọ́ náà, ó ki wáyà gìtá bọ pẹ́dà pupa kan, ó ki ti iná bọ àpótí iná rẹ̀, ó tẹ pẹ́dà, ó sì fa okùn tó nípọn jù lára gìtá. Ohùn jáde, ó kún inú yàrá. Lábẹ́ ohùn náà, níbi tó yẹ kó ti máa rẹlẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, ẹnìkan pè é.

Kò pe Elétí o. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ fi ń pè é nígbà tó ṣì ń rákòrò ló pè, orúkọ inú ilé, irú èyí tí èèyàn kì í kọ sínú fọ́ọ̀mù.

Kíá ló gbọ́wọ́ lé okùn. Yàrá dákẹ́ rọ́rọ́. Ìgbà yẹn ló tó mọ̀ pé ọ̀nà ọ̀fun òun ṣì ń kùn, "ùùn," lórí ohùn kan náà. Bí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí ṣe ń ṣe nìyẹn. Bí ohùn bá ti jáde, wọ́n á kùn ún padà láìlanu, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó lọ sókè jù tàbí ó sọ̀ kalẹ̀.

Etí òsì rẹ̀ di. Ó di pa, bí ìgbà tí omi odò bá wọ̀ ọ́.

"Òtútù ni," ó sọ fún ara rẹ̀. Ó gbé tíì rẹ̀ kó mu ún, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ dà sórí ìwé.

*

Nílé, ọkọ rẹ̀ jókòó sí ìdáná, ó ń wo ẹ̀rọ omi.

Kọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè é nígbà tó ṣì ń ta gìtá kiri, tí àwọn ọmọge ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ogún ọdún níwájú sípíkà tó ga jù ú lọ ti jẹ etí ọ̀tún rẹ̀ tán, ó sì ti ń jẹ ti òsì lọ. Bí ìyàwó rẹ̀ bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, àfi kó pariwo bí ẹni ń lé ewúrẹ́. Ẹ̀rọ omi náà ò tì dáadáa, ó ń kán. Ó ń rí i bó ṣe ń kán. Kò gbọ́ ọ.

Lójijì, ó gbọ́ ọ.

Tó. Ó ṣe díẹ̀. Tó. Ó rọra ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, bí ẹni pé ilé ẹlòmíràn ni omi náà ti ń kán. Kọ́ọ̀dù fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Òótọ́ ni baba tó lọ bá nítorí etí rẹ̀ sọ. Ó ti ń gbàdúrà nínú ọkàn rẹ̀ pé kó jẹ́ irọ́.

Ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń fi atẹ́gùn sí táyà ni baba náà ń gbé, nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé. Ó gbé ẹnu sún mọ́ etí Kọ́ọ̀dù kó tó bá a sọ̀rọ̀, èémí rẹ̀ ń rùn bí irin tútù. "Etí kì í sọnù," ó wí. "Ṣe ló ń ṣí lọ. Ọwọ́ ẹni tẹ́ ẹ jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà ló sì ti rọrùn jù láti gba òmíràn. Ẹ mú ohun tí yóò máa lò lójoojúmọ́ wá fún mi. Ẹ sọ orúkọ tí wọ́n fi ń pè é ní kékeré. Bí a bá pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tó dáhùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ti parí."

"Kò ní kú, àbí?"

"Ta ló dárúkọ ikú ńbí?"

Kọ́ọ̀dù gbé àpótí iná kan wá fún un, tuntun gbáà nínú páálí rẹ̀. Kò tóbi ju ìwé ńlá kan lọ. Ó ń gba iná sínú bí àpótí tí wọ́n fi ń gba iná sí fóònù, èèyàn lè gbé e kiri, ó sì ní ihò mẹ́jọ tí pẹ́dà mẹ́jọ lè máa gba iná lẹ́ẹ̀kan náà. Baba náà tú ìdí rẹ̀. Ó ki ohun kan tí wọ́n rán mọ́ inú awọ sí i, kò sì jẹ́ kí Kọ́ọ̀dù wò ó. Lọ́jọ́ tí ìgbéyàwó wọn pé ọdún mẹ́wàá, ó gbé e fún ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fò mọ́ ọn lọ́rùn. Ó ní gbogbo ilé iṣẹ́ ni yóò jowú òun.

*

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí wọ́n tó pè é lẹ́ẹ̀kejì.

Elétí kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ti gbé pẹ́dà pupa náà jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó mú àwọ̀ búlúù, ó mú dúdú, ó pààrọ̀ gìtá, ó pààrọ̀ gbogbo wáyà. Ó pààrọ̀ sípíkà, ó sì yí tuntun náà kọjú sí ògiri. Ológbò ilé iṣẹ́, tó máa ń sùn lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ bó bá ń dán nǹkan wò, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé irun ẹ̀yìn sókè, ó kọ̀, kò wọlé. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, okùn gìtá tuntun mẹ́fà já lọ́kọ̀ọ̀kan, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lára wọn. Èyí tó gbẹ̀yìn já níṣojú rẹ̀, ó sì fín in lẹ́rẹ̀kẹ́.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, lórí pẹ́dà búlúù, ohùn náà tún pè é. Lọ́tẹ̀ yìí, ó sún mọ́ ọn. Ó pè é bí ẹni tó mọ̀ pé ó wà nílé. Kó tó lè di ọ̀fun mú, ọ̀fun ti kùn ún padà.

Etí òsì kú pátápátá. Ti ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í di. Ó rìn jáde láti yàrá náà, kò sì gbọ́ ìró bàtà ara rẹ̀ nílẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ kìì, kìì, kìì, bí ọmọ tó ń bínú, omijé ń dà lójú rẹ̀.

Nínú ọkàn rẹ̀, ó ti mọ ẹni tó ń ṣe é. Ajórin Wẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọkùnrin tó ń jó wáyà inú pẹ́dà mọ́ra, tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ pè bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó ń jó géètì, nígbà tí irin rẹ̀ ò ju abẹ́rẹ́ lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Elétí ti dá pẹ́dà rẹ̀ padà níwájú ọ̀gá wọn lóṣù yẹn. Ó sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá Elétí wá kí i níbi iṣẹ́, tó ń fi orúkọ inú ilé pè é láti ẹnu géètì, tí gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín.

*

Àbúrò ìyá rẹ̀ ló sáré tọ̀ lọ. Obìnrin náà ń tún bàtà ṣe lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta kan, ó sì ní àwọn oníbàárà mìíràn tí kì í gbé bàtà wá. Àǹtí gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láìgbé ojú kúrò lára bàtà tó ń lẹ̀.

"Orúkọ ilé ló fi pè ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí."

"O sì dá a lóhùn."

"Mi ò dá a lóhùn! Mi ò lanu rárá."

"Mi ò bi ọ́ bóyá o lanu." Àǹtí wá gbé ojú sókè. "Ohùn rẹ jáde àbí kò jáde?"

Elétí rántí kíkùn tó ń kùn. "Ó jáde," ó wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì."

Òòlù tí Àǹtí fi ń lu bàtà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "A jẹ́ pé ọ̀kan ló kù," ó wí. "Ìkẹta ni yóò kó etí rẹ lọ, kò sì sí ẹni tó máa bá ọ gbà á padà. Ṣé o gbọ́ mi? Ṣé o ṣì ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́, mà."

Àǹtí wọ inú ilé, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, agolo ìpara bàtà kan ló gbé lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ohun dúdú tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ìpara bàtà. "Fi pa ẹnu ohun tó ń pè ọ́. Bó o bá ti pa á tán, má fọwọ́ kàn án mọ́, má lò ó, ó di ọjọ́ kejì. Nígbà tó bá di ọjọ́ kejì, ẹni tó rán an sí ọ ni yóò máa pè."

"Kí ló máa gbà lọ́wọ́ ẹni yẹn?"

"Ohun tó bá wù ú ni. Èmi kì í bi í."

"Bí mo bá fi pa ohun tí kì í ṣe òun ńkọ́, Àǹtí?"

"Kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì péré ni oògùn yẹn lè tó pa."

*

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Kọ́ọ̀dù gbọ́ ohun kan láti yàrá. Ọdún mẹ́ta rèé tí kò ti gbọ́ nǹkan kan láti yàrá kan dé òmíràn. Ó fetí sílẹ̀, inú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn kó tó mọ ohun tí ó jẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ló fi orí sínú ìrọ̀rí, tó ń sunkún.

Kò lè wọlé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó sáré lọ sí ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń fi atẹ́gùn sí táyà. "Ẹ bá mi yọ ọ́ kúrò," ó bẹ baba náà. "Èyí tí mo rí gbà ti tó mi. Ẹ jẹ́ kí ìyókù wà lọ́dọ̀ rẹ̀."

Baba náà kọ̀. "Bí ẹ bá yọ ọ́ báyìí, ẹ̀yin méjèèjì ló máa di adití. Tiyín, tirẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ ẹ?"

Kọ́ọ̀dù dúró. Ọkọ̀ kan kọjá lójú títì, ó sì gbọ́ ẹ́ńjìnì rẹ̀, ó gbọ́ bí táyà rẹ̀ ṣe ń gbá omi. Ó padà sílé, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan. Ojú ń tì í fún ara rẹ̀.

*

Elétí fi oògùn náà pa pẹ́dà pupa, iṣẹ́ ọwọ́ Ajórin Wẹ́ẹ́rẹ́, ní gbogbo ibi tí wáyà ń gbà wọlé. Lọ́jọ́ kejì, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà láti aago méje, kí ó lè rí bí wọ́n ṣe máa gbé ọkùnrin náà wá.

Aago mẹ́jọ géérégé, Ajórin fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé, ó ń fi ẹnu súfèé, búrẹ́dì wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. "Elétí, kí ló dé tí ò ń wò mí bí ẹni rí òkú?"

Elétí bú sẹ́kún. Ó ṣáà sọ fún un pé ariwo kan wà nínú pẹ́dà tí òun ò rí ìdí rẹ̀, pé òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Ajórin gbé búrẹ́dì rẹ̀ kalẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ariwo, kì í bá èèyàn ṣeré.

"Kí lo ti pààrọ̀?"

"Pẹ́dà méje. Gìtá méjì. Wáyà gbogbo. Sípíkà."

"Iná ńkọ́?"

"Iná mi ò ní ìṣòro. Tuntun ni, ọkọ mi ló..."

Ajórin ń sọ̀rọ̀ lọ, ó ní kó wá gbé àpótí iná tòun lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní bí ariwo bá wà lórí pẹ́dà méje, ẹjọ́ pẹ́dà kọ́. Gbogbo adánǹkanwò ló mọ ìyẹn. Elétí fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ́ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n ta ló máa fura sí ẹ̀bùn ọkọ rẹ̀? Láti ọjọ́ tó ti gbà á, òun ni nǹkan kan ṣoṣo tí kò pààrọ̀ rí.

Ó sì rántí pé lóṣù tí wọ́n ṣègbéyàwó, lórí bẹ́ẹ̀dì, òun fúnra òun ló sọ orúkọ inú ilé náà fún un, tí àwọn méjèèjì fi rẹ́rìn-ín dé àárọ̀.

*

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, ó gbé àpótí iná méjèèjì kalẹ̀ ní pálọ̀ rẹ̀, tirẹ̀ àti ti Ajórin, pẹ̀lú pẹ́dà kan àti sípíkà kékeré. Kọ́ọ̀dù wà ní ìdáná, ó ní òun ń se ìrẹsì.

Ó kọ́kọ́ fi oògùn tó kù pa ihò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ara ẹ̀bùn náà. Ohun tí Àǹtí ní kó ṣe tán nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ó dìde nígbà yẹn, tó jáde nílé, ì bá ti bọ́. Ṣùgbọ́n ó ki iná Ajórin bọ pẹ́dà, ó fa okùn. Ohùn jáde, ó kẹ̀, ó rẹlẹ̀ lọ, ó tán. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Ó jókòó, ó ń wo ẹ̀bùn náà. Ọdún mẹ́wàá! Ọkùnrin tó ń fọ aṣọ òun bí ara òun ò bá yá. Ó lè jẹ́ pé lórí iná Ajórin náà, ohùn yẹn kàn fara pa mọ́ ni. Ẹnìkan ò gbọdọ̀ dá ẹjọ́ lórí ìdánwò ẹyọ kan. Wọ́n máa ń gbé èkíní, wọ́n á gbé èkejì, wọ́n á sì tún gbé èkíní padà. Bó bá gbé e padà tí kò pè é, a jẹ́ pé ọkọ òun ò mọ nǹkan kan. Ó fẹ́ kí ọkọ òun má mọ nǹkan kan. Ó fẹ́ bẹ́ẹ̀ ju etí lọ.

Ó fi gèlè di ẹnu ara rẹ̀ pinpin. Ó tún fi eyín há a. Ó ki wáyà iná pẹ́dà bọ ẹ̀bùn náà, ó sì fa okùn.

Ohùn náà pè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ìfẹ́, bí ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ ti délẹ̀. Lábẹ́ gèlè, lẹ́yìn eyín, ọ̀fun rẹ̀ kùn ún padà.

Ó rí okùn gìtá tó ṣì ń gbọ̀n. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Nígbà tó yíjú, Kọ́ọ̀dù ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ìdáná, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ìkòkò ìrẹsì rẹ̀ ń hó lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń ṣíjú wo ibẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń jà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá rí ojú ìyàwó rẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

*

Kò sí ẹ̀bẹ̀ tí Kọ́ọ̀dù lè bẹ̀ tí Elétí máa gbọ́. Ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé. Ó fi irọ́lẹ́ náà sunkún lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Elétí ò nà án, kò lé e. Ó jókòó sórí àga kan náà títí oorun fi gbé e lọ.

Nígbà tó jí, ilẹ̀ ti mọ́. Ó rí ọkọ rẹ̀ nídìí tábìlì, ó gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọmọdé. Kò wo ìyàwó rẹ̀. Àpótí iná náà ló ń wò, lórí àga níbi tí wọ́n fi í sí, láìsí wáyà kankan lára rẹ̀. Oògùn Àǹtí ti gbẹ sí ẹnu ihò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ.

Ọjọ́ kejì nìyí. Ó ti gbàgbé pé òun ti fi nǹkan pa á.

Ó sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó mì í léjìká. "Ta ló ń bá yín sọ̀rọ̀? Ṣé ẹnìkan ń pè yín ni?" Kò mọ bóyá ohùn òun jáde tàbí kò jáde.

Kọ́ọ̀dù fa bébà kan, ó kọ̀wé sí i, ọwọ́ rẹ̀ ń yára, ojú rẹ̀ ń dán. *Ìyá mi ni. Ohùn ìyá mi gan-an, tí mi ò gbọ́ mọ́ láti ọjọ́ tó ti kú. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti pè mí láàárọ̀ yìí.*

Elétí já kálámù gbà. *Ṣé ẹ dáhùn?*

Ó mi orí sókè sódò, inú rẹ̀ dùn. *Lẹ́ẹ̀mejèèjì.*

"Ẹ má dáhùn mọ́!" ó ké. "Ẹ jọ̀ọ́! Ẹ má dá a lóhùn mọ́!" Ó gbé gbogbo agbára rẹ̀ sínú igbe náà, ó ń mọ̀ ọ́n nínú àyà, ó ń mọ̀ ọ́n nínú ọ̀fun. Kọ́ọ̀dù ti tún yí orí sí àpótí náà. Ètè rẹ̀ ti ń là.

Elétí fò lé tábìlì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn pẹ̀lú gbogbo ara. Ètè náà mì lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Atẹ́gùn gbígbóná kan gba àárín ìka rẹ̀ jáde.

Kò gbé ọwọ́ kúrò. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó ń retí èémí tó yẹ kó tẹ̀ lé e.